Ìrẹsì Ọ̀fàdà Kì í Ṣe Oúnjẹ Àríyá Nìkan

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn ìlú, inú mi dùn pé ìrẹsì Ọ̀fàdà ti di oúnjẹ iyì níbi ìnáwó wa, tí a sì ń fi ewé eéran pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n kí ni a ń jẹ ní ilé ní ọjọ́ kejì? Ìrẹsì funfun tí ẹ̀rọ ti fá ni.

Ohun tí ẹ̀rọ ń fá dànù ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo ọkà, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fítámì B1 sì wà. Ṣáájú ọdún 1900, ní erékùṣù Java, oníṣègùn ará Hóláńdì kan, Christiaan Eijkman, ṣàkíyèsí pé àwọn adìyẹ tí a fi ìrẹsì fífá bọ́ rọ lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn tí àrùn beriberi mú ti ń rọ. Nígbà tí a fún wọn ní èyí tí awọ rẹ̀ kò tíì kúrò, wọ́n sàn. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1929. Àwọn adìyẹ náà kò gba nǹkan kan.

Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀wà àti ẹja mọ́ ìrẹsì funfun kò ní ìbẹ̀rù púpọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ṣíṣàn ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀ ni mo ń rò.

Wọ́n ní òkúta wà nínú Ọ̀fàdà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a lè ṣà á. Wọ́n ní ó wọ́n. Èyí ni ó le jù, nítorí pé àwọn tí ń gbìn ín kò pọ̀ tó. Ẹ̀yin olóyè tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ onírẹsì, kí àwa olùkọ́ lè rí i rà fún ìkòkò ilé-ẹ̀kọ́.