Gbèsè Kì í Ṣe Àṣà

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ìdí tí a fi lọ yá owó sin òkú, ìdáhùn kan náà ni yóò jáde lẹ́nu wa: "Àṣà Yorùbá ni." Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ takò níhìn-ín. Èdè àti àṣà Yorùbá ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe; n kò lè máa wòran kí a di ẹ̀bi ìwà àpà tiwa ru àwọn baba ńlá wa.

Òwe tí a sábà máa ń fi gbe ara wa lẹ́yìn ni "Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ohun tí òwe náà ń bẹ̀rù ni kí òbí máa sin ọmọ. Ohun tí ó sì ń tọrọ ni kí ọmọ gbẹ̀yìn òbí. Kò dárúkọ màlúù, kò dárúkọ olórin, kò sì sọ pé kí a kó gbogbo ìlú jọ sábẹ́ àtíbàbà.

N kò ní purọ́ pé àwọn baba wa kò jẹ gbèsè rí. Ìnáwó ìsìnkú wà lára ohun tí ó ń sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Ìwọ̀fà ni ẹni tí a fi dúró fún owó tí a yá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó ni èlé. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà, kọ́bọ̀ kan kì í dín nínú ojú owó. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Àwọn baba wa jìn sí kòtò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pe kòtò ní ilé. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn tí ń sin gbèsè. Ológò ni ẹni tí yóò wá dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ó gbádùn. Òṣómàáló ni wọ́n pe àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta ọjà láwìn, nítorí pé ìlóṣòó ni wọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà títí owó wọn yóò fi jáde. Ẹ má sì gbàgbé pé aṣọ ni púpọ̀ nínú wọn ń tà.

Èdè kan náà ni ó fún wa ní èésú àti àjọ. Nínú èésú, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò dá owó, ẹnì kan ni yóò kó o, yóò sì kárí. Nínú àjọ, alájọ yóò bá olúkúlùkù tọ́jú owó tirẹ̀, yóò sì mú ti ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìgbàlódé tún dé, alájẹṣẹ́kù ni a sọ ọ́: a jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó kọ́ wa pé kí a jẹ ohun tí a kò tíì ní?

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé sin bàbá rẹ̀ bí ẹni sin òtòṣì. Mo lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lórí fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ pé àtúnṣe ilé ni mo fẹ́ fi owó ṣe. A pa màlúù méjì. Olórin pe orúkọ mi títí àpò mi fi gbẹ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yọ gbèsè náà nínú owó-oṣù mi, àbúrò mi sì fi odindi ọdún kan jókòó sílé nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́. Nínú àwọn tí ó jẹ ẹran, kò sí ẹni tí ó wá béèrè bí a ti ń ṣe.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá mi sọ fún mi pé bàbá a máa fo ọjọ́ kan jẹ lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó má baà tètè tán. N kò mọ̀, nítorí pé n kò béèrè. Owó màlúù kan ìbá ra oògùn yẹn fún ọdún púpọ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn: ara mi ni mo ná owó yẹn lé lórí, n kò ná an lé bàbá mi.

Àwọn kan yóò ní ìnáwó ni ó ń kó ẹbí jọ, pé alásè, aránṣọ àti onílù ń rí jẹ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé ṣì ń jùmọ̀ sin òkú, ọmọ dá tirẹ̀, àna gbé tirẹ̀ wá, ẹrù náà sì kárí. Lónìí, ẹnì kan ni yóò yá owó, àwọn ìyókù yóò wọ aṣọ ẹbí. Owó-oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ti oṣù mẹ́ta kò tó ra màlúù ńlá kan. Ológò pàápàá ti wọ inú fóònù. Àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀gá onígbèsè láti dójú tì í, débi pé ìjọba ní láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní ọdún 2022.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí ìpàdé ẹbí máa ka owó tí ó wà nílẹ̀ kí ó tó ka iye àlejò. Kí aṣọ tí ó wà nínú àpótí tó fún ẹni tí kò ní owó òmíràn. Kí a má sì ṣe yá owó kankan nítorí òkú, ìbáà jẹ́ ti onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti Mùsùlùmí. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láyé, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ẹ kà á. Bí ó bá ku díẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó.