Òfin Ọ̀kadà Kò Dé Inú Ṣọ́ọ̀kì

Lẹ́yìn tí òfin L.I. 2180 ka fífi alùpùpù kérò léèwọ̀ ní Gánà lọ́dún 2012, bóyá kí ọ̀kadà máa ṣiṣẹ́ la fi ọ̀pọ̀ ọdún jà sí ní Accra. Èmi tí mò ń gun tèmi, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló ká mi lára jù.

Rọ́bà kékeré kan, ọ́ìlì sílì, ló ń dá ọ́ìlì dúró nínú ṣọ́ọ̀kì iwájú. Bí iyanrìn bá ha á, ọ́ìlì á máa jò. Bó bá kán sí páàdì, bíréèkì ò ní mú mọ́. Mo ra sílì tuntun ní Abossey Okai, mo fi Sátidé méjì jókòó tì í. Títú rẹ̀ ò le. Títò ó padà ni wàhálà: kí sílì wọlé láì wọ́, kí ọ́ìlì ẹsẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Bó bá pọ̀ jù, á ti sílì náà jáde.

Aládùúgbò mi ní, “Àǹtí, ẹ gbé e fún fítà.” Fítà tí mo gbé e fún tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló dà sí i, ojú ló sì fi wọ̀n ọ́n.

Àwọn fítà mọṣẹ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹnu ọ̀gá nìkan ni ọmọṣẹ́ ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gá, ní Twi, ní Yorùbá: irú ọ́ìlì, iye rẹ̀, èyí tó ń ṣáájú nígbà títò. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oníbàárà náà ti lè kà á kó tó sanwó.