Ta Ló Polówó Besaleli?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn ọmọ wa tó ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan tó rẹwà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn: àwọn tó ń ya àwòrán, àwọn tó ń ṣe fláyà, àwọn tó ń ya fọ́tò, tí wọn ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rí lónìí ni wọ́n fi ń jẹun lọ́la.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bá mi, ohun tí wọ́n ń sọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Fóònù tó ń bá wọn mú oníbàárà wá láti ọ̀nà jíjìn, òun náà ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Arábìnrin kan sọ fún mi pé, "Dádì, tẹ́lẹ̀, mo máa ń ya àwòrán láti àárọ̀ dalẹ́. Ní báyìí, fídíò nípa bí mo ṣe ń ya àwòrán ni mo ń ṣe. Àwòrán gan-an ò tètè parí mọ́."

Kò parọ́ o. Nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, ibi àwòrán ni. Lọ́dún 2020, wọ́n gbé Reels dé, fídíò kéékèèké. Nígbà tó di 2021, Adam Mosseri tó jẹ́ olórí ibẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Instagram kì í ṣe ibi tí à ń gbé fọ́tò sí mọ́. Ayàwòrán tó ti kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún síbẹ̀ ńkọ́? Àfi kó di òṣèré, kó máa jó níwájú kámẹ́rà. Dátà tó fẹ́ fi ṣe é sì rèé, láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC ti gbà fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n lè fi tó 50% lé owó wọn, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń lọ lápò.

Ìyẹn apá kan. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ojú ń tì wọ́n. Ọmọ ìjọ ni wọ́n, a sì ti kọ́ wọn pé ìgbéraga ni kéèyàn máa pariwo ara rẹ̀. Èmi ò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìpolówó. Ṣebí Yorùbá ni wá. Ìyá tó ń kiri ọjà á gbóhùn sókè, á sọ bí ọjà òun ṣe dáa tó, kò sẹ́ni tí í sọ pé ó ń gbéraga. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí ìyá yẹn gbé lérí ló ń polówó. Ohun tí fóònù ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí ju ọjà lọ. Ojú wọn, yàrá wọn, oúnjẹ wọn, ẹni tí wọ́n ń fẹ́ sọ́nà, gbogbo rẹ̀ ni ayé fẹ́ rí kí wọ́n tó ra nǹkan. Ibẹ̀ ló ti ń sú wọn, mi ò sì bá wọn wí.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sínú Ẹ́kísódù. Ní orí 31, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dárúkọ oníṣẹ́ ọnà kan fún Mósè: Besaleli ọmọ Uri, ẹ̀yà Júdà. Ó ní òun ti fi Ẹ̀mí kún un. Fún kí ni? Kì í ṣe fún ìwàásù o! Fún iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta, àti igi gbígbẹ́. Nígbà tó di orí 35, Mósè dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó pe orúkọ Besaleli, ó ka ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mẹ́nu kan Aholiabu tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Mo ti ka ibẹ̀ léraléra, mi ò rí gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ẹnu Besaleli jáde. Wòlíì ló bá a polówó. Iwájú ìjọ ni wọ́n ti polówó rẹ̀.

Àwa ńkọ́? A fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ kí wọ́n máa dá polówó ara wọn fún ẹ̀rọ tí kò mọ̀ wọ́n rí, nígbà tó jẹ́ pé àwa tí iṣẹ́ wọn wà lára ògiri wa ò dárúkọ wọn rí. Ẹ wo fláyà ìsọjí èyíkéyìí. Orúkọ oníwàásù wà níbẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, ti olórin, ti alága ètò. Ẹni tó ṣe fláyà náà ńkọ́?

Owó tún wá kù. Ẹni tó gbé kánópì wá gba owó. Oní-jẹnẹrétọ̀ gba owó, owó díísù tún lọ lọ́tọ̀. Ẹni tó ṣe fláyà tó kó èrò wá sábẹ́ kánópì, a ní iṣẹ́ Olúwa ló ṣe, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣé kánópì kì í ṣe iṣẹ́ Olúwa ni? Léfítíkù 19 ti sọ fún wa pé owó alágbàṣe ò gbọdọ̀ sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Owó dìsáìnà míì ti sùn mọ́ ìjọ lọ́wọ́ láti Kérésì! Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọrẹ, kí Olúwa bù kún un. Àmọ́ òun ló máa sọ pé ọrẹ ni, kì í ṣe àwa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, AI ti dé, kí la tún ń wá dìsáìnà fún?" Èmi náà ń lo Canva fún ìkéde àárín ọ̀sẹ̀, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń dé tipẹ́. Ṣé ẹ rántí àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ bánà sórí aṣọ? Flex dé, ìsọ̀ wọn dá páro. Àwọn míì nínú wọn kọ́ CorelDRAW, wọ́n bá àwọn atẹ̀wé lọ sí Ṣómólú, wọ́n ń jẹun. Àwọn míì ò rí i kọ́, ọjọ́ orí ti lọ, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé báwo ni.

Bí ẹ bá ní kí AI ṣe fláyà Yorùbá fún yín, ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ lẹ fẹ́ kéde, bí àmì bá ṣì, Ọṣẹ Ẹ̀mí Mímọ́ lẹ máa lẹ̀ mọ́ ìta. Ká wá máa fi wẹ̀! Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lé àṣìṣe ẹ̀rọ, torí ó ń sunwọ̀n sí i, bó pẹ́ bó yá á kọ ọ́ dáadáa. Àwòrán àwọn èèyàn ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ọ̀hún níṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò bi léèrè. Lọ́dún 2023, àwọn ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Èyí tó kàn mí jù ni pé AI kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọ wa. Kì í san owó ilé, kò níyàwó tó fẹ́ bímọ. Arákùnrin tó ń ṣe fláyà wa ní gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa dárúkọ owó yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pásítọ̀ ló pè yín. Àgàgà bó bá jẹ́ pásítọ̀. Kí ẹ sì gbé iṣẹ́ dé lọ́jọ́ tí ẹ dá, torí ẹjọ́ ìyẹn náà ń bẹ lọ́dọ̀ mi.

Ní ìjọ tiwa, láti oṣù yìí lọ, orúkọ ẹni tó ṣe fláyà á máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. A ó máa san ìdajì owó kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù lọ́jọ́ tó bá gbé e wá. Gbogbo Sunday tó bá kẹ́yìn oṣù, mo máa pe oníṣẹ́ ọwọ́ kan síwájú, màá sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe fúnra mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ kọ iṣẹ́ yín àti ìlú yín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má fi nọ́ńbà ákáǹtì síbẹ̀ o, àwọn gbájúẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́ àmọ́ tójú ń tì í láti sọ̀rọ̀, ẹ bá a kọ ọ́.