Àlejò Ńlá Tó Ń Wá Bímọ Nílé Yemọja

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ní Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, fẹ́rì kan wà tó ń gbé èrò àti mọ́tò sọdá sí erékùṣù Itaparica, níbi tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wa ti ń bọ Egúngún títí dòní. Ìrìn nǹkan bí wákàtí kan ni. Oṣù kẹjọ ni mo wọ̀ ọ́, ìta lókè ni mo sì dúró sí.

Àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké ń já sómi bí òkò, wọ́n ń gbé ẹja jáde. Lókè wọn ni ẹyẹ dúdú ńlá kan wà, ìrù rẹ̀ là bí àlùmọ́gàjí. Tesourão ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹyẹ òkun ni, síbẹ̀ kì í bà sórí omi, torí pé omi máa ń rin ìyẹ́ rẹ̀ gbingbin. Ojú omi ló ti ń fẹnu já ẹja. Bí kò bá rí, á lé ẹyẹ mìíràn títí tíyẹn á fi pọ tiẹ̀ fún un. Olè gidi!

Ìgbà tó yá, omi fọ́n sókè lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá àgbà kan nawọ́, ó ní, "Baleia!" Àbùùbùtán ni. Kì í ṣe ẹja o. Afẹ́fẹ́ ló ń mí, ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí omi ti ń dì, ló ti ń wá bímọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yìí lọ́dọọdún. Ta la tún ń pè ní Yèyé-ọmọ-ẹja?

Àmọ́ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń pa á ní agbègbè Itaparica yìí gan-an, tí wọ́n ń fi àwọn ẹrú láti Áfíríkà se ọ̀rá rẹ̀ di epo fìtílà. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950, nǹkan bí 450 péré ló kù nínú àwọn tó ń wá sí etíkun Bràsíl. Ní 1987, òfin ibẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má pa á mọ́. Wọ́n ti tó nǹkan bí 25,000 báyìí. Ṣé ẹ rí i, bí èèyàn bá káwọ́ kò, omi mọ bó ṣe ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ìdí ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń gbé ìpèsè lọ fún Yemọja ní Rio Vermelho, ní Salvador. Tẹ́lẹ̀, ìgò lọ́fínńdà àti ike máa ń bá òdòdó lọ. Ní báyìí, àwọn ilé òrìṣà kan ń da lọ́fínńdà sómi, wọ́n ń mú ìgò padà relé. Àwa ńkọ́, létí odò Ògùn, létí Ọ̀ṣun, létí ọ̀sà? Ìjàpá òkun a máa gbé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mì, á rò pé oúnjẹ ni. Ṣé ẹbọ la rú yẹn, àbí a pa ọmọ onílé?

Ewé làwọn baba wa fi ń di ìpèsè. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì mọ̀ pé òrìṣà kì í jẹ ike.

Omi á tù wá lára o. Àṣẹ.