Púlì Kékeré Kò Lè Gbà Wá

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá ẹ̀yin onímọ́tò sọ̀rọ̀ díẹ̀. Láti oṣù Kàrún-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oríṣiríṣi ọgbọ́n la ń dá kí epo lè pẹ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni kí mẹkáníìkì yọ púlì ńlá iwájú ẹ́ńjìnnì, kó fi kékeré sí i.

N kò ní kò ṣiṣẹ́ rárá. Bí púlì yẹn bá kéré, bẹ́líìtì kò ní sáré bíi tàtẹ̀yìnwá. Ẹrù ẹ́ńjìnnì á fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan náà ló ń yí alternator tó ń fún bátìrì ní iná. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, òun náà ló ń yí páńpù omi. Púlì àtilẹ̀wá tún sábà máa ń ní rọ́bà tó ń gba jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì mọ́ra.

Ẹni tó ń sáré ìje lè gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Kàbà kì í ṣe pápá ìje o! Níbi tí a bá ti ń rọra wọ́, ẹ́ńjìnnì lè gbóná, iná mọ́tò lè di bàìbàì lóru. Láyé ajínigbé yìí, ta ló fẹ́ kí mọ́tò kú mọ́ òun lọ́wọ́ nínú igbó?

Ẹ jẹ́ ká ra púlọ́ọ̀gì tuntun, ká pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, ká fẹ́ táyà dáadáa, ká sì dín eré kù. Ìyẹn ló ń dá epo sí. A kì í torí eku sun ilé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ẹ̀gbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí.