Etí kan kò tó láàárín ariwo

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí etí.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo fi jẹun ní Ṣómólú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún, èyí tó ń gé ìwé ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn wọn.

Láti kékeré ni etí òsì mi ti kú. Ṣẹ́gẹdẹ̀ ló pa á. Àwọn òbí mi dúpẹ́ pé ọ̀kan ṣì kù, nítorí ní abúlé wa tó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ohun tí wọ́n sọ tí n kò gbọ́. Èkó ni mo dé kí n tó mọ ohun tí mo pàdánù. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan dúró sí apá òsì mi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n bá òun tẹ igba káàdì ìgbéyàwó. Ẹgbàá ni mo gbọ́, ẹgbàá náà ni mo tẹ̀. Owó igba ló san. Ìyókù ni ìyàwó mi fi dáná.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ o. Mo gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ ni kò yé mi. Dókítà kan ló là mí lóye. Ó ní bí ohùn bá ti ọ̀tún wá, etí ọ̀tún á kọ́kọ́ gbọ́ kí tòsì tó gbọ́. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Orí wa náà ń dínà díẹ̀, tí ariwo ìhà kan kì í fi í le tó bẹ́ẹ̀ ní ìhà kejì. Ọpọlọ á wá fi èyí wé èyí, á sì ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Ní 1953, Ọ̀gbẹ́ni Colin Cherry gbé àbájáde àyẹ̀wò tó ṣe lórí irú èyí jáde. Ó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, ó nira fún wọn láti yà wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀kan sí etí ọ̀tún, tí wọ́n fi èkejì sí tòsì, ó rọrùn. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí rí. Ẹni tó ní ẹyọ kan, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe láàárín ariwo.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ mi tó ń lọ sílé ìwé ní Bàrígà. Olùkọ́ ní olóríkunkun ni, wọ́n sì ń nà án. Nílé, bí mo bá pè é jẹ́jẹ́ láti inú yàrá, á dáhùn "Sà!" Ìyá rẹ̀ fi gbà pé àfojúdi ló ń ṣe nílé ìwé. Èmi ni mo fura, nítorí ó máa ń yí orí bí èmi náà ṣe ń yí i. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo dí etí ọ̀tún rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò: etí òsì ti lọ. Òun náà ti ṣe ṣẹ́gẹdẹ̀ rí. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n sì fi í sí, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń dún sí etí kan tó kù. Wọ́n gbé e wá síwájú, etí tó ń gbọ́ kọjú sí olùkọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè é lólóríkunkun mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ṣe ṣẹ́gẹdẹ̀, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, ẹ dán etí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà elétí. Wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọmọ gbọ́. Ẹ̀yin onílé ọtí, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí, ẹ bá wa dín ohùn ẹ̀rọ yín kù.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé "ṣebí ọ̀kan ṣì kù", kí ó fi ìka dí etí kan dáadáa, kí ó lọ dúró ní Onípánu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó wá sọ ibi tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní ọkọ̀ ń lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Baba Atẹ̀wé,
Ṣómólú, Èkó.