Òkun Èkó ti di tolówó, níbo làwọn ọmọ mẹ̀kúnnù yóò ti ṣeré?

Gbogbo ìgbà tíléèwé bá ti gba ọlidé ni ìbéèrè kan náà máa ń wọlé sórí fóònù mi látọ̀dọ̀ àwọn òbí tá a jọ ń gbé ní Jẹ́ríkò níbí, n'Ìbàdàn: "Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà, níbo la lè kó àwọn ọmọ lọ l'Ékòó kí wọ́n lè rí òkun?" Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí nítorí pé mo kàwé òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ ló ń bọ́ mi.

Ìbéèrè tó dáa ni. Ìbàdàn ò ní òkun. Odò Ọ̀nà àti Ògùnpa la mọ̀, Ògùnpa yẹn pàápàá, ọjọ́ tó bá bínú la máa ń rántí ẹ̀. Látọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ìrìn àjò náà ti rọrùn díẹ̀: ẹ wọkọ̀ ní Mọ́níyà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn ọmọ á ti jẹ̀gbádùn kí wọ́n tó rí omi rárá.

Ibi méjì ni mo ṣì máa ń dárúkọ láìṣiyèméjì. Àkọ́kọ́ ni Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1990. Igbó tó tó hẹ́kítà 78 ni, afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi níbẹ̀ gùn ní mítà 401, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ sì lè já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ ṣọ́ra. Ìkejì ni Oníkan, níbi tí National Museum wà látọdún 1957, tí John Randle Centre fún àṣà àti ìtàn Yorùbá sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà níbẹ̀ dáadáa. Dókítà John Randle ló kọ́ ọ lọ́dún 1928, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fáwọn ọmọ Èkó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe ìyẹn o, ìyẹn sì ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Tó bá wá kan òkun fúnra ẹ̀, ìdáhùn mi ń kéré sí i lọ́dọọdún.

Àwọn tó dàgbà jù wá lọ mọ Bar Beach ní Victoria Island. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ nìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ishola Oyenusi lọ́dún 1971 tí èrò sì ń wòran. Àmọ́ tó bá dọjọ́ ọdún, ibẹ̀ kan náà ni bàbá, ìyá àtọmọ máa ń ya lọ. Ẹni tó bá ti lówó ọkọ̀ ti lówó fàájì, bí àwọn ọmọ ìta ò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn gbádùn ẹ̀ tán. Nígbà tó yá, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, ó ń ya wọ Ahmadu Bello Way. Ìjọba ní àfi káwọn fi iyanrìn dí i. Ohun tó jáde lórí iyanrìn yẹn ni Eko Atlantic. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n dáàbò bo títì, torí omi ìbá ti gbé e lọ. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé nínú ilẹ̀ tuntun tó fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóòró yẹn, èwo ni ti ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà l'Ọ́bálẹ́ndé?

Etíkun tó kù, látorí Oníru dé Ẹlẹ́gúṣì lọ síwájú, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ibì kan tí mi ò ní í dárúkọ gbowó ẹnubodè lórí èmi àtàwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta, wọ́n tún ní omi tá a gbé látilé ò gbọdọ̀ wọlé, àfi ká ra tiwọn. Omi o! Létí òkun!

Landmark Beach náà, ti aládàáni ni, owó ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àwọn ẹbí sì fẹ́ràn ẹ̀. Níparí oṣù kẹrin ọdún 2024 ni katakata dé ibẹ̀ nítorí títì Èkó sí Calabar, tí wọ́n ní yóò gùn tó 700 kìlómítà. Mínísítà fún iṣẹ́ òde, Dave Umahi, sọ pé 250 mítà láti etí omi, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Mo ka gbogbo àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e: ta ló nilẹ̀, èló lowó gbà-má-bínú, ta ló yẹ kó gbà á. Mi ò rí ibi tẹ́nì kankan ti béèrè pé níbo làwọn ọmọdé á máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ òfin ò dákẹ́. Apá kejìlá nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 sọ ọ́ kedere pé gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi, fàájì àti eré tó bá ọjọ́ orí wọn mu, ó sì gbé ojúṣe ẹ̀ lé ìjọba lọ́rùn. Èkó àti Ọ̀yọ́ náà ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tìpínlẹ̀ wọn. Tíjọba bá fẹ́ la títì, wọ́n á wá ẹni tó nilẹ̀, wọ́n á bá a dúnàá dúrà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní ìwé ilẹ̀, kò lè gba lọ́yà, nítorí náà, kò sẹ́ni tó pè é sípàdé.

Èkó nìkan kọ́ là ń bá wí. N'Ìbàdàn níbí, a ní Ágódì Gardens, a ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tó ti wà látọdún 1948, ibi méjèèjì sì dáa. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, ẹni tó bímọ mẹ́rin á ṣírò ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ mọ́ ọn. Jẹ́ríkò tá à ń gbé yìí, àdúgbò igi ni, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó àti igi wà níbí látọdún 1954, síbẹ̀ ojú títì làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á máa sá fún ọ̀kadà.

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí máa dùn mí nìyí. Lọ́jọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 2024, ní Islamic High School, Baṣọ̀run, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fàájì fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Èrò tó dé ju ẹnu ọ̀nà lọ, ọmọ 35 ló kú. Àwọn kan ní ebi àti owó tí wọ́n ṣèlérí ló kó èrò jáde. Mi ò jiyàn, ebi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fàájì ọmọdé ni wọ́n fi pe àwọn ọmọ. Nílùú tí fàájì ọ̀fẹ́ bá ti jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ kan yẹn ni gbogbo èèyàn á rọ́ lọ.

Kò gba bílíọ̀nù láti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Ọ̀yọ́ lè ṣí pápá àwọn iléèwé ìjọba lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fi olùṣọ́ méjì sí i. Ní ti Èkó, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ni 250 mítà yẹn, kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ fáwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n gba àwọn tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ láti máa ṣọ́ omi, torí òkun Èkó kì í fi ọmọdé ṣeré. Títì náà ò tíì parí. Ibi tí wọn ò tíì da kọnkéré sí ṣì pọ̀.